Táyà Ńlá àti Ẹrù Ẹ̀yìn: Bí Ẹ Ó Ṣe Yan Gíà Ákísù fún Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Fa Tírélà

Ẹ̀yin awakọ̀ ọmọ Yorùbá ní Texas àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká la kọ ìwé ìlàlóye yìí fún: ẹ̀yin tó ń ra ọkọ̀ ní gbàǹjo, tí ẹ ń wọ́ ọ dé èbúté kí ó lè di tòkunbọ̀ nílé, ẹ̀yin tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá káàkiri, ẹ̀yin olóúnjẹ tó ń fa ilé ìdáná onítáyà lọ sóde ìnáwó. Bí píkọ́ọ̀pù yín bá wà lórí táyà tó ga ju èyí tó bá dé láti ilé iṣẹ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Lọ́jọ́ tí ẹ pààrọ̀ táyà lẹ ti pààrọ̀ gíà pẹ̀lú, bí mẹkáníìkì kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ákísù. Ọkọ̀ kò ní pariwo lọ́jọ́ náà. Gíábọ́ọ̀sì ni yóò máa gbóná díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ tí owó ńlá yóò jáde lápò.

Ohun tí 3.55 àti 4.10 túmọ̀ sí

Nínú ikùn irin rògòdò tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, gíà méjì ló wà níbẹ̀ tí eyín wọn wọnú ara wọn. Èyí kékeré ni píníọ̀nù. Pùròpẹ́là tó ti ọ̀dọ̀ gíábọ́ọ̀sì bọ̀ ló ń yí i. Èyí ńlá ni kíráùn. Òun ló ń yí táyà. Bí kíráùn bá ní eyín 39, tí píníọ̀nù ní 11, ẹ fi 11 pín 39, ẹ ó rí 3.55. Ìyẹn ni pé pùròpẹ́là yóò yí ju ẹ̀ẹ̀mẹta àtààbọ̀ lọ díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eyín 41 sí 11 ń fún wa ní 3.73. Eyín 41 sí 10 ń fún wa ní 4.10.

Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ táyà ṣe ń pọ̀ tó, ẹ́ńjìnnì á sì máa yára yí sí i lórí eré kan náà. Bó bá kéré, ẹ́ńjìnnì á rọra máa yí, epo á dín lójú títì gbọọrọ, ṣùgbọ́n ẹrù á wúwo lọ́rùn ọkọ̀.

Iṣẹ́ tí táyà gíga ń ṣe sí ọkọ̀

Ẹ gbé garawa omi dání kí ẹ sún un mọ́ àyà. Ẹ wá na ọwọ́ tààrà pẹ̀lú garawa kan náà. Omi inú rẹ̀ kò pọ̀ sí i, síbẹ̀ ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ákísù: bí ilẹ̀ bá ṣe jìnnà sí àárín rẹ̀ tó ni agbára tó kù láti fi ti ilẹ̀ ṣe ń dín kù tó.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan tó wọ́pọ̀ láàárín wa, Ford F-150 tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ní gíà mẹ́fà, tí ákísù rẹ̀ jẹ́ 3.55, tó wà lórí táyà 275/65R18. Nínú nọ́ńbà táyà yìí, 275 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 65 ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà tí ẹ̀gbẹ́ táyà fi ga, 18 ni ínṣì ríìmù. Ìdá 65 nínú 275 jẹ́ mìlímítà 178.75, ẹ̀gbẹ́ méjì ni táyà ní, lókè àti nísàlẹ̀, ìyẹn 357.5. Ínṣì 18 jẹ́ 457.2. Ẹ pa wọ́n pọ̀, gíga táyà jẹ́ mìlímítà 814.7, bí ínṣì 32. Táyà ínṣì 35 tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jẹ́ mìlímítà 889.

Bí ẹ bá gbé táyà ínṣì 35 yẹn sí ọkọ̀ yìí láìfọwọ́ kan ákísù, 3.55 á máa ṣe bí ẹni pé 3.25 ni. Ford fúnra wọn ti ta F-150 tó ní 3.15 àti 3.31 rí, fún ẹni tó fẹ́ kí epo dín. Ẹ ti ra ọkọ̀ tó dára fún ẹrù, ẹ wá fi táyà sọ ọ́ di ọkọ̀ ẹni tí kì í fa nǹkan kan.

Kò tán síbẹ̀. Táyà ńlá àti ríìmù rẹ̀ wúwo. Agbára tí a fi ń mú un yí láti ìdúró pọ̀, èyí tí a fi ń dá a dúró náà pọ̀. Bíréèkì yín tó wà lórí táyà ínṣì 32 gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára rẹ̀ kí ó tó dá táyà ínṣì 35 dúró bákan náà, kí a tó wá mẹ́nu kan tírélà tó ń tì yín lẹ́yìn. Gíà ákísù kò lè tún èyí ṣe. Ẹ rí i dájú pé bíréèkì tírélà fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Aago eré náà á máa parọ́. Nígbà tó bá ń sọ pé máìlì 65 ni ẹ ń sá, máìlì 71 gan-an ni.

Àmì tí ẹ ó rí lójú ọ̀nà

Lójú I-45 láti Houston sí Dallas, òkè kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá síwájú yín, tírélà gíga sì ń gbà á sáyà. Ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ kò tó á wọ gíà kẹfà, kò ní lè dúró níbẹ̀, á já sí karùn-ún, á já sí kẹrin, á tún padà sókè. Ohùn ẹ́ńjìnnì á máa gòkè á máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìdákẹ́. Gbogbo ìgbà tí gíábọ́ọ̀sì ọtomátíìkì bá ń pààrọ̀ báyìí, ooru ló ń dà sínú ọ́ìlì rẹ̀, ooru yìí ló sì ń pa á ju ohun mìíràn lọ. Bọ́tìnì Tow/Haul á ràn yín lọ́wọ́, nítorí kò ní jẹ́ kí ó tètè wọ gíà òkè. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ kò fi eyín kan kún kíráùn.

Bí ẹ ó ṣe mọ nọ́ńbà tó wà nínú ọkọ̀ yín

Lára Ford, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kóòdù kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ AXLE. Nínú ọ̀pọ̀ Chevrolet àti GMC tó ti pẹ́ díẹ̀, bébà àwọn kóòdù wà nínú àpótí iwájú èrò: GU6 ni 3.42, GT4 ni 3.73, GT5 ni 4.10. Ti Toyota wà ní ìlà A/TM lára bébà ilẹ̀kùn.

Bí ẹlòmíràn bá ti lo ọkọ̀ náà rí kí ẹ tó rà á, ẹ má gbára lé bébà nìkan. Ó lè ti pààrọ̀ gíà. Ẹ kà á fúnra yín, ẹ̀yin méjì, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà iwájú níwájú àti lẹ́yìn, ẹ fi jáàkì gbé ákísù ẹ̀yìn sókè kí táyà méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lé ẹsẹ̀ irin tó dúró ṣinṣin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ fi gíà sí fíríì, ẹ tú bíréèkì ọwọ́. Ẹ fi ẹfun sàmì sára táyà àti sára pùròpẹ́là. Kí ẹnì kan yí táyà lẹ́ẹ̀kan géérégé, kí èkejì ka iye ìgbà tí pùròpẹ́là yí. Bí ó bá fi díẹ̀ kọjá mẹ́ta àtààbọ̀, 3.55 ni, bí ó bá súnmọ́ mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 3.73 ni, bí ó bá kọjá mẹ́rin díẹ̀, 4.10 ni. Kíkà yìí péye bí táyà méjèèjì bá ń yí síhà kan náà. Bí èkejì bá ń yí padà sẹ́yìn, ẹ sọ táyà kan kalẹ̀, ẹ dí i, kí ẹ wá yí èyí tó wà lókè lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan.

Ìṣirò náà

Ẹ mú nọ́ńbà ákísù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi gíga táyà tuntun sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi gíga táyà àtijọ́ pín in. Fún F-150 tí à ń sọ: 3.55 lọ́nà 889, ká fi 814.7 pín in, ó jẹ́ 3.87. Nọ́ńbà yìí ló ń dá ọkọ̀ padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde láti ilé iṣẹ́. Ẹ kò ní rí 3.87 rà. 3.73 kò tó o, 4.10 kọjá rẹ̀ díẹ̀.

Fún ẹni tó ń fa ẹrù, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ mú èyí tó kọjá, kí ẹ má mú èyí tó dín. Bí a bá sá máìlì 65 ní gíà karùn-ún, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí máa ń yí bí 2,100 ní ìṣẹ́jú kan lórí táyà àtijọ́. Táyà ínṣì 35 pẹ̀lú 3.55 fà á wálẹ̀ sí bí 1,930. 4.10 gbé e dé bí 2,230, 4.56 sì gbé e dé bí 2,480. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo lójoojúmọ́, tàbí tó ń gba òkè Colorado àti New Mexico kọjá, kò ní kábàámọ̀ 4.56. Ẹni tó ń fa ẹrù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, 4.10 tó o.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló nílò gíà tuntun. Toyota Tundra tó ní ẹ́ńjìnnì 5.7, èyí tí wọ́n ṣe títí di 2021, 4.30 ló bá a dé láti ilé iṣẹ́. Táyà ínṣì 35 yóò fà á wá sí nǹkan bí 3.94, ó ṣì dára fún ẹrù. Gíábọ́ọ̀sì oní-gíà mẹ́wàá tó wà nínú F-150 tuntun náà ní gíà kìíní tó lágbára gan-an, ó sì lè fara da àléébù díẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ṣe ìṣirò náà kí ẹ tó pinnu.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí a kò ní fi pamọ́. Bí iṣẹ́ ọkọ̀ yín bá jẹ́ fífa ẹrù, táyà tó bá a dé láti ilé iṣẹ́ ló dára jù fún un, dídá a padà sì dínwó gan-an ju gíà tuntun lọ. Ẹ má tíì ta táyà àtijọ́ yẹn.

Ohun tí gíà kò lè yí padà

Ìwọ̀n ẹrù tí ilé iṣẹ́ sọ pé ọkọ̀ lè fà kò ti inú gíà nìkan wá. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀lé ìlànà ìdánwò kan tó ń jẹ́ SAE J2807. Wọ́n á di ẹrù kún ọkọ̀, wọ́n á mú un gun òkè Davis Dam ní Arizona, máìlì 11.4, nínú ooru, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́ pátápátá, eré rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí máìlì 40 ní wákàtí kan, bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ní táyà méjì péré lẹ́yìn. Férémù, bíréèkì, rédíétọ̀ àti ibi ìkọ́ tírélà, gbogbo wọn ló jọ gba ìdánwò yẹn. Bí ẹ bá fi 4.56 sí i, ọkọ̀ á fà dáadáa, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ sọ kò yí padà, ẹ má sì kọjá rẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà ẹrù lára táyà tuntun náà pẹ̀lú. 115 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kílò 1,215. 121 jẹ́ kílò 1,450. Táyà ńlá míì wà tó rí gàgàrà lójú, tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ kéré ju ti àtijọ́ lọ. Bákan náà, ọ̀pọ̀ táyà tírélà tí a kọ ST sí lára kò gbọdọ̀ kọjá máìlì 65 ní wákàtí kan, bí àmì I-10 ní ìwọ̀ oòrùn Texas bá tilẹ̀ ń sọ pé 80.

Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ákísù iwájú àti ẹ̀yìn lẹ ó jọ pààrọ̀ sí nọ́ńbà kan náà. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ̀yìn nìkan, lọ́jọ́ tó bá jẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fà lórí títì ọlọ́dà, táyà iwájú àti ẹ̀yìn á máa bá ara wọn jà, irin àárín tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn á sì fọ́. Ìdí nìyí tí owó iṣẹ́ fi ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ilé irin tó gbé kíráùn dúró gbọ́dọ̀ yí padà. Lára ákísù Dana 44, èyí tó gba 3.73 kò gba 3.92 sókè.

Kí mẹkáníìkì tó dé ákísù pa, ẹ ní kí ó fi ibi tí eyín ti ń fara kan ara wọn hàn yín. Ọ̀dà pupa rúsúrúsú tàbí ti àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi ń kun eyín kíráùn, wọ́n á yí i síwá yí i sẹ́yìn. Ibi tí píníọ̀nù ti fara kàn án ni ọ̀dà ti máa ń hó kúrò. Ojú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín eyín, kí ó má jókòó sí ṣóńṣó orí rẹ̀, kí ó má sì rì sí ìdí. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò ní bínú pé ẹ béèrè.

Ó tún gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà gíà àti gíga táyà tuntun fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, aago eré kò ní sọ òtítọ́, gíábọ́ọ̀sì á sì máa pààrọ̀ gíà lásìkò tí kò yẹ.

Gíà tuntun kò fẹ́ ẹrù lójú ẹsẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ rọra wà á lọ fún bíi máìlì 15 sí 20, kí ẹ páàkì kí ákísù tutù dáadáa. Ẹ má so tírélà mọ́ ọn títí yóò fi pé máìlì 500, lẹ́yìn náà ẹ da ọ́ìlì ákísù nù kí ẹ rọ tuntun. Ìyẹ̀fun irin tó lẹ̀ mọ́ ojú máńgínẹ́ẹ̀tì nígbà náà kò burú. Bí ẹ bá rí ègé irin tó ṣeé fi ọwọ́ mú, tàbí tí ẹ bá ń gbọ́ ohùn híhu lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é lọ́sẹ̀ náà gan-an, kí ẹ tó so ẹrù mọ́ ọn.