Àjọrà ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì: Kí ló kan ará Ọ̀rẹ̀ níbẹ̀?

Ẹni tó bá ti gba Ọ̀rẹ̀ kọjá láti Èkó lọ sí Benin yóò mọ bí ọjà ṣe ń rí. Ẹni tó dá lọ ra ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lè ná an títí, agbára káká ni yóò fi rí ẹ̀dínwó gbà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́wàá bá da owó pọ̀ láti kó ẹrù ọkọ̀ kan, ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ni yóò fún wọn ní àga. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn ilé ìkàwé fásitì ń dá láti ra ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, tí Ọ̀rẹ̀ jẹ́ olú ìlú rẹ̀, gan-an ni. Àgbẹ̀ kòkó, ọ̀pẹ àti rọ́bà pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ Ọ̀rẹ̀ tó ń kàwé ní OAUSTECH, fásitì ìpínlẹ̀ Oǹdó tó wà ní Òkìtìpupa, tó sì fẹ́ ṣèwádìí lórí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú, ní láti mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ní Gánà àti Kamẹrúùnù ti rí. Inú àwọn ìwé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní jọ́nà ló wà. Ọ̀pọ̀ jọ́nà sì rèé, títì ni ilẹ̀kùn wọn wà; ẹni tó bá ń san owó ọdọọdún ni wọ́n ń ṣí i fún.

Dọ́là ni wọ́n ń gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,500. Ilé ìkàwé tó ní láti san 10,000 dọ́là, tí mílíọ̀nù márùn-ún náírà tó fún tẹ́lẹ̀, wá di ẹni tó ń wá mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ jọ́nà kan kò fi lé sí i.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Láti ọdún 1999 ni àjọ kan tó ń jẹ́ eIFL ti ń bá àwọn atẹ̀wé dúnàá-dúrà fún ilé ìkàwé àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀. Nílé níbí, àwọn olórí ilé ìkàwé fásitì dá ẹgbẹ́ NULIB sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn atẹ̀wé ńlá mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ HINARI, tó ṣí nǹkan bíi 1,500 jọ́nà ìṣègùn sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ. AGORA, ti iṣẹ́ àgbẹ̀, tẹ̀lé e ní 2003. Ní 2023, àjọ TETFund gbé ètò TERAS jáde, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lè jọ máa lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ojú kan.

Síbẹ̀, owó nìkan kọ́ ni wọ́n ń ná. Ìbéèrè mẹ́ta wà nínú ìwé àdéhùn tó lágbára ju iye owó lọ. Ta ló lè kà á: akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, àbí àlejò tó wọlé wá jókòó náà? Ibo ni wọ́n ti lè kà á: inú ọgbà fásitì nìkan, àbí akẹ́kọ̀ọ́ lè wà nílé ní Ọ̀rẹ̀ kó máa kà á? Bí owó bá tán ńkọ́: ṣé èyí tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ ṣì jẹ́ tiwọn, àbí bí ẹni háyà ilé ni, tí kọ́kọ́rọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó bá wọ́n?

Ẹni tó ń nájà tí kò lè dìde kúrò nídìí ọjà, kò lágbára. Fásitì California ní Amẹ́ríkà, tí ẹ̀ka mẹ́wàá rẹ̀ ń fi ẹnu kan sọ̀rọ̀, dìde kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Elsevier ní oṣù kejì ọdún 2019. Oṣù kẹta ọdún 2021 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn tuntun. Láàárín ìgbà yẹn, wọ́n fara da àìní. Fásitì kan ṣoṣo kò lè dá irú rẹ̀ ṣe nílẹ̀ wa.

Àlàfo kan ṣì kù. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni òfin TETFund wà fún. Fásitì aládàáni bíi Elizade ní Ìlárá-Mọ̀kín tàbí Wesley ní Oǹdó kò sí nínú rẹ̀, ilé ìkàwé ará ìlú kò sí níbẹ̀, olùkọ́ girama ní Ọ̀rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Àní ọmọ tó ṣèwádìí lórí kòkó yẹn, tó bá jáde fásitì, tó padà sílé wá ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lóko, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Ìgbà tí ìmọ̀ náà fẹ́ wúlò fún oko gan-an ni ilẹ̀kùn tì.

Ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ló ń gbà kí àlejò tó wọ ilé ìkàwé ka ìwé wọn, bí àwọn tó lọ dúnàá-dúrà bá rántí béèrè. Ìlà kan péré ni nínú ìwé àdéhùn. Kí àwọn tó ń ṣojú fásitì wa tó fọwọ́ sí òmíràn, ó yẹ kí wọ́n wò ó bóyá ìlà náà wà níbẹ̀.