Ọlọ́kìríkà Ìyànà Ìbà àti Ìmọ̀ Tó Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹni tó bá ń gbé Navy Town ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, mọ̀ pé iṣẹ́ ológun ojú omi ní àsè alẹ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọkọ á wọ aṣọ iṣẹ́ funfun pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ láyà, ìyàwó á wọ gáùn gígùn tó ń gbálẹ̀. Ní LASU, yunifásítì tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1983, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jáde náà ní díńnà tiwọn, irú gáùn kan náà ni wọ́n sì ń wá. Tuntun tó dáa wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ fi ń wọ́ lọ sí Ìyànà Ìbà àti Òkokomáíkò, sọ́dọ̀ obìnrin tó fi gáùn àlòkù kọ́ sórí okùn lẹ́bàá títì. Ọlọ́kìríkà ni wọ́n ń pè é.

Òkìríkà jẹ́ orúkọ ìlú kan létí omi ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ti ń já aṣọ àlòkù sílẹ̀ nígbà kan, ni orúkọ ìlú bá di orúkọ ọjà. Àwọn mìíràn ń pè é ní bọ́síkọ́nà, nítorí ẹni tó fẹ́ rà á á kọ́kọ́ bọ́ sí kọ́nà kí ojúlùmọ̀ má bàa rí i. Àwọn ọ̀dọ́ ní bẹ́ńdáńsẹ̀lẹ́ẹ̀tì, torí pé èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó rí èyí tó wù ú ṣà. Ẹ wo orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọ̀kan sọ ibi tí aṣọ gbà wọlé, ọ̀kan sọ ìtìjú ẹni tó rà á, ọ̀kan sọ bí a ṣe ń rà á. Kò sí èyí tó sọ ohun tí ẹni tó ń tà á mọ̀. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ọ̀nà tí gáùn gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jìn. Obìnrin kan ní Bírítéènì tàbí Amẹ́ríkà á tú àpótí aṣọ rẹ̀, á kó èyí tí kò wọ̀ mọ́ fún ẹgbẹ́ aláàánú. Wọ́n á ta díẹ̀ níbẹ̀. Ìyókù á bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń ṣà á, gáùn lọ́tọ̀, ṣòkòtò lọ́tọ̀, aṣọ ọmọdé lọ́tọ̀, tí wọ́n á sì fi ẹ̀rọ fún un di bẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀lì tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa ló ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu, tí wọ́n sì ń tà á ní ọjà Missèbo. Láti ibẹ̀, ó di Sèmè, ó di Àgbádárìgì, ó di títì márosẹ̀ tó gba Òkokomáíkò àti Ìyànà Ìbà kọjá lọ sí Mile 2. Ojú ọ̀nà aṣọ gan-an ni Ọ̀jọ́ wà.

Òfin kò fẹ́ ọjà yìí. Nínú àkọsílẹ̀ ohun tí Àjọ Aṣọ́bodè Nàìjíríà ní kò gbọdọ̀ wọlé rárá, aṣọ àlòkù wà níbẹ̀, owó ẹyọ náà wà níbẹ̀. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà tipẹ́. Aṣọ àlòkù kò kúrò. Fàyàwọ́ ló ń gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ wọlé, nígbà tí ìjọba sì ti ẹnubodè láti oṣù Ògún 2019 títí di oṣù Ọ̀pẹ 2020, ẹni tó ń tà lórí okùn ni ọ̀wọ́n ọjà dé bá. Ewu rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Dídì ni wọ́n ń ta bẹ́ẹ̀lì. Ọlọ́kìríkà kì í tú u wò kó tó sanwó. Ó lè jẹ́ gáùn méjì péré ló máa dá owó rẹ̀ padà, ó sì lè má sí rárá. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá méjì náà mọ̀ kí oníbàárà tó gbé wọn lọ lówó pọ́ọ́kú.

Ọlọ́kìríkà tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ wo àwọ̀ gáùn. Inú rẹ̀ ló ń yí síta. Á wo sípù: gáùn tó ní sípù irin sábà máa ń dàgbà ju èyí tó ní ti ọ̀rá lọ. Á wo ìgbátí, bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi rán an tàbí ẹ̀rọ. Á wo ọrùn aṣọ: bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n ti rán an, gáùn náà ti wà ṣáájú oṣù Ọ̀wàrà 1990 tí Jámánì méjèèjì di ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, tí àkọlé bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ kò sì sí nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú 1972, ọdún tí òfin ibẹ̀ sọ àkọlé náà di dandan. Bí ṣẹ́dà bá rú u lójú, á fa fọ́nrán kan yọ nínú ojú rírán, á ṣáná sí i. Ṣẹ́dà ń rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ sì ń rún. Ọ̀rá ń yọ́, ó ń di kókó líle.

Irú ojú báyìí ló lè yọ gáùn Frank Usher tàbí Jean Varon, orúkọ tí a fi mọ aṣọ òde alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín òkìtì aṣọ. Ìtàn tó wà lẹ́yìn aṣọ ń mú owó wá: ní oṣù Òkúdu 1997, gáùn 79 tí Diana, ìyàwó ọmọ ọba Bírítéènì nígbà kan, ti wọ̀ rí ni Christie's ta ní gbàǹjo ní New York, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Aṣọ àlòkù ni gbogbo wọn. Ohun tó gbé wọn ga ni pé a mọ ẹni tó wọ̀ wọ́n àti ẹni tó rán wọn. Gáùn tó dé Ìyànà Ìbà ti sọ ìtàn rẹ̀ nù sínú bẹ́ẹ̀lì. Ọlọ́kìríkà ló ń wá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà.

Kí aṣọ àtijọ́ níyì kò ṣàjèjì sí wa. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Sányán tí ìyá ìyá ẹni fi sílẹ̀ kì í ṣe àlòkù lójú wa; ọjọ́ ńlá la ń gbé e jáde.

Alábàáṣiṣẹ́ ọlọ́kìríkà ni télọ̀ tó jókòó ti ọjà. Gáùn àtijọ́ tí wọ́n fara balẹ̀ rán sábà máa ń ní àyè nínú ojú rírán. Télọ̀ á tú u, á fẹ̀ ẹ́ níbàdí, á fi léèsì bo èjìká tó ṣí sílẹ̀ jù. Ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kó tó wọ̀ ọ́, kó sì sá ṣẹ́dà àti àrán sí ibòji, torí oòrùn ń jẹ àwọ̀ wọn.

Aleébù wà nínú òwò yìí. Ní Ìsọlọ̀, ọjà Aswani, tí èrò ń wọ́ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nítorí òkìríkà, gba orúkọ rẹ̀ lára iléeṣẹ́ ìhunṣọ Aswani. Iléeṣẹ́ tó ń hun aṣọ tuntun ti lọ, ọjà àlòkù ló jogún orúkọ rẹ̀. Ìyẹn dùn mí. Ní Accra, èyí tí kò tà nínú bẹ́ẹ̀lì ọjà Kantamanto ń di pàǹtí tó ń dí gọ́tà, tó sì ń ṣàn dé òkun. Aṣọ àlòkù wà lára ohun tó bá iléeṣẹ́ wa jà, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́: iná mànàmáná tí kò dúró wà níbẹ̀, aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà wà níbẹ̀. Kí a má di gbogbo ẹ̀bi lé obìnrin tó ń ta gáùn lórí okùn lórí.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Òkokomáíkò lè jókòó tì í fún wákàtí kan, kó yí gáùn mẹ́wàá síta, kó sì rí bí àwọn aránṣọ ìlú òkèèrè ṣe ń fi ọwọ́ rán ìgbátí ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ìmọ̀ yẹn yóò wúlò lọ́jọ́ tí a bá tún ń rán gáùn tiwa fún àsè tiwa.

Títí di ọjọ́ náà, gáùn tí wọ́n rán ní Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, ilẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí máàpù mọ́, lè jó lálẹ́ ní Navy Town. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lè má mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Obìnrin tó tà á fún un mọ̀ ọ́n.