Orúkọ Tí Ọmọ Gbé Wá Láti Òkèèrè

 

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ èṣí, tọkọtaya kan wá bá mi ní Ọ̀yẹ́ láti Ìdó. Ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, ọmọ kò tíì dé. Àbúrò ìyàwó yìí ló kú sí Abidjan, ní ilẹ̀ Ivory Coast. Ọkọ tiẹ̀, ọmọ Baoulé, ti ṣáájú rẹ̀ kú. Wọ́n fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹbí bàbá ọmọ fọwọ́ sí i pé kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wá mú un. Ni tọkọtaya bá wọ mọ́tò lọ, wọ́n tún wọ mọ́tò bọ̀, wọ́n gba Gánà, Lómé àti Kùtọ̀nù kọjá kí wọ́n tó já sí Sèmè.

Ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n délé ni wọ́n wá sọ́dọ̀ mi.

"Bàbá, ẹ bá wa wo ọmọ yìí o," ni ìyàwó wí. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní ọmọ kì í sùn lóru. Tó bá ti di bí aago méjì, á dìde, á gbé báàgì kékeré tó gbé wá kọ́ èjìká, á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò sunkún o, ó kàn jókòó ni. Iyán, kò jẹ. Ẹ̀gúsí, kò tọ́ ọ wò. Tí wọ́n bá pè é, kò ní dáhùn, kò tiẹ̀ ní bojú wẹ̀yìn. Ìyá ọkọ ti ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń dà á láàmú, kí wọ́n yáa tètè wá ṣe ìpèsè. Aládùúgbò kan ní àfàìmọ̀ kí ọmọ náà má dití.

Kí n tó fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀, mo bi wọ́n pé: "Kí lẹ ń pè é?"

"Morẹ́nikẹ́ ni, Bàbá."

"Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn lójú. Ìyá ọkọ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, kí ọmọ tó wọlé rárá. Orúkọ tó ń jẹ́ bọ̀ láti Abidjan ni Aya. Àwọn Baoulé máa ń fi ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ sọ ọ́ lórúkọ. Obìnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Jímọ̀, Aya ló ń jẹ́. Ìyá àgbà ní etí òun kò lè gbọ́ ọ: ọmọ ọdún mẹ́rin, kí á máa pè é ní aya, aya ta ni?

Mo rẹ́rìn-ín, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo yíjú sí ọmọ tó jókòó ti ògiri, tó di báàgì mọ́ra, mo ní: "Aya." Kíá ló gbójú sókè. Ó wò mí bí ẹni tó ti ń wá mi kiri tipẹ́. Ìyá tuntun yìí bú sẹ́kún lórí ẹní mi.

Mo dá Ifá fún wọn. Ohun tó jáde, ti ilé onílé ni, n kò ní kọ ọ́ síbí. Èyí tí mo lè sọ ni pé kò sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń béèrè orúkọ kí n tó ṣe ohunkóhun. Ó ti tó ọdún márùndínlógójì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ṣe ni nígbà náà, gbogbo ara ni mo fi gbọ́n. Àgbẹ̀ oníkòkó kan lápá Ìkọ̀lé gba ọmọkùnrin kan tí wọ́n mú wá láti Kùtọ̀nù, ó fẹ́ fi ṣe ọmọ. Ọmọ náà lè tó ọdún mẹ́fà. Èmi ni mo ní kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ lódò, kí wọ́n sọ aṣọ tó wọ̀ wá nù, kí á fún un lórúkọ tuntun, kí orúkọ àtijọ́ má sì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Mo rò pé mò ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọmọ yẹn kò fi sọ̀rọ̀. Ó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Nígbà tó tó ọmọ ogún ọdún, ó wá sílé mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Bàbá, kí ni wọ́n ń pè mí kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín?"

Mo ronú títí. Ẹni tó mú un wá ti kú. Bàbá tó gbà á tọ́ kò rántí. Èmi náà kò rántí. Ó dúpẹ́, ó jáde. Kò tíì padà wá.

A máa ń sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti òkèèrè wá, ilé méjì ló ní. Èwo là ń wò nínú méjèèjì?

Láyé àtijọ́, ọmọ tiwa náà ti ṣe irú àlejò bẹ́ẹ̀ nílé àwọn òyìnbó. Òkè-Ọ̀dàn ni wọ́n ti kó o lẹ́rú, ní ilẹ̀ Yewa tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà yẹn, nígbà tí ogun Dàhọ̀mì jà wọ́n lọ́dún 1848. Kò ju bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bá a láàfin Ọba Gezo. Wọ́n fẹ́ fi í rúbọ níbi ọdún ọba. Ó ń dun àwa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ láti sọ irú èyí, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀, ẹ má jẹ́ ká bò ó. Forbes bẹ̀bẹ̀, Gezo bá fi ọmọ ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Ní Àgbádárìgì ni wọ́n ti rì í bọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Sarah, inú Bíbélì ni wọ́n ti mú un. Forbes, orúkọ ẹni tó gbà á. Bonetta ńkọ́? Orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni o! Wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ sọ ọmọ èèyàn.

Lọ́jọ́ 9 oṣù Kọkànlá 1850, wọ́n mú un wọ ààfin Windsor. Ọbabìnrin fẹ́ràn rẹ̀, ó sanwó ilé-ìwé rẹ̀, nígbà tó sì bí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ní 1863, Ọbabìnrin ló ṣe ìyá ìsàmì ọmọ náà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni pe àwọn èèyàn yẹn ní ìkà. Ṣùgbọ́n Àìná ni orúkọ ọmọ yẹn, ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn wáyé. Àmútọ̀runwá ni; ta ló lè bọ́ ọ lára ẹni tó gbé e wá? Ní oṣù Kẹjọ 1862 tó ń fẹ́ James Labulo Davies, oníṣòwò Èkó, ní Brighton, wọ́n kọ "Ina" ṣáájú Sarah nínú ìwé ìgbéyàwó. Ọdún méjìlá lẹ́yìn Àgbádárìgì! (Ọkọ rẹ̀ yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó nílẹ̀ wa, ní oko rẹ̀ ní Ìjọn lẹ́bàá Èkó. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìkọ̀lé, ẹ bá mi kí i.)

Mo sọ fún tọkọtaya Ìdó pé kí wọ́n má fọ báàgì náà, kí wọ́n má sì fipá gbà á. Kí ìyá jókòó ti ọmọ, kí ọmọ fúnra rẹ̀ tú u. Gèlè ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti fọ́tò kan. Mo ní kí wọ́n má parọ́ fún un pé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, nítorí ẹni tó bá lọ sọ́jà, èèyàn á máa retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni. Ti oúnjẹ, ìyàwó náà ló fọgbọ́n tirẹ̀ ṣe é. Ọmọ ń dárúkọ aṣẹ́kẹ́ ṣáá, ìyẹn oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún. Ó wọ́n omi sí gàárì, ó dì í sínú aṣọ funfun, ó gbé e lé orí ìkòkò omi híhó. Kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọmọ fi ẹja díndín tì í, ó jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ kẹfà nìyẹn.

Ọjọ́ keje la sọ ọ́ lórúkọ. A ka ọjọ́ tó wọlé sí ọjọ́ tí wọ́n bí i fún wọn. Omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó, ataare, gbogbo rẹ̀ pé. Orúkọ tí mo kọ́kọ́ pè ni Aya. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ní kí àwọn ẹbí tó sọ tiwọn. Ìyá àgbà dìde, ó sọ owó sínú abọ́ omi, ó ní Morẹ́nikẹ́. A ṣe àṣẹ.

Ìsọmọlórúkọ kò parí ọ̀rọ̀ o. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ ọ́ kedere pé ilé-ẹjọ́ ló ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di tẹni. Ìwé ikú àwọn òbí, ìwé ìyọ̀ǹda ẹbí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó lọ bá àwọn wẹ́fíà. Ẹni tó bá gbọ́mọ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé, kó má gbé e wá bá mi pé kí n sọ ọ́ lórúkọ. N kò ní ṣe é.

Mo yà kí wọn lóṣù tó kọjá. Ìyá àgbà ló gbọ́mọ pọ̀n. Ẹnìkan ń kọjá, ó bi í pé kí ló ń pe ọmọ yẹn. "Aya mi ni," ni màmá dá a lóhùn, "àbí ẹ fẹ́ bá mi san owó orí rẹ̀ ni?"

Báàgì náà ti wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ bọ́ sílẹ̀, ó mú un wá fi hàn mí: gèlè ìyá rẹ̀, fọ́tò náà, àti ọmọ ayò mẹ́rin tí bàbá rẹ̀ ti ń wá kiri láti bí ọ̀sẹ̀ kan.