Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti Ìmọ̀ Ara-Ẹni ní Ìlú Òkèèrè

Ọmọ tí ń gbé ní agboolé baba rẹ̀ kì í sáà bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí òun í ṣe. Oríkì rẹ̀ wà lẹ́nu ìyá àgbà, gbogbo àdúgbò sì mọ ilé tí ó ti jáde. Ìgbà tí ó bá dé àárín àwọn tí kò mọ ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí ni ìbéèrè náà ń bẹ̀rẹ̀, àwọn àjèjì ni ó sì máa ń kọ́kọ́ bi í. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta.

Ní ọdún 1922 ni ó dé Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ní 1924, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ìwé ìròyìn kan tẹ ọ̀rọ̀ àbùkù jáde nípa àwọn ará Nàìjíríà. Ṣólàńkẹ́ kọ̀wé láti fi ẹ̀hónú hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá purọ́ mọ́, dandan ni kí ó mọ òtítọ́ ara rẹ̀ kí ó tó lè fèsì. Ìtàn àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ẹ̀kọ́ sì fi kún orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ó sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá lórí rédíò, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí olùkàwé fi èyí wé àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń na ọmọ nílé nítorí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ, 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright, ará Sàró, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 21, dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. WASU ni ìgékúrú orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, etí Yorùbá sì gbọ́ “wàásù” nínú rẹ̀. Ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1926 náà ń jẹ́ Wasu. (Ọ̀nà Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbà wọ èdè wa, ó sì ti di onílé.)

Àwọn kan rò pé ẹgbẹ́ tí ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ yóò pa ìfẹ́ ẹ̀yà ẹni rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Onílé tí kò fẹ́ fi yàrá háyà fún adúláwọ̀ kò béèrè bóyá Ẹ̀gbá ni tàbí Fáńtì, ìdí nìyí tí Ṣólàńkẹ́ fi rin ìrìn-àjò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1929 dé 1932, tí ó ń tọrọ owó ilé tí wọ́n ṣí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1933. Ní ìlú yìí kan náà ni N. A. Fádípẹ̀ ti kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí ìgbé-ayé àwọn Yorùbá, tí ó parí ní 1939. Ó kú ní 1944. Ọdún 1970 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí àwọn tí ó kọ ọ́ nípa wọn tó lè rí i kà nílé.