Ètò Iṣẹ́ Ìgbìmọ̀ Tẹ̀ẹ́kótó Ilé Aṣòfin lórí Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè: Àlàyé fún Olùkọ́ ní Ilẹ̀ Okun

Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí dá lé orí bí ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀, Àbújá, ṣe ń ṣètò iṣẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó wà ní Kabba lè béèrè pé kí ló kan ará Bùnú tàbí Ìjùmú nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàrin Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ìtàn agbègbè wa ti dáhùn ìbéèrè náà. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn Núpé láti Bídà ń kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú Okun. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company kọ́kọ́ yan wá sí Kabba kí wọ́n tó kọlu Bídà. Lẹ́yìn ogun náà ni agbègbè Kabba bọ́ lọ́wọ́ Bídà, tó sì bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó. Àjèjì ni àwọn méjèèjì tó ń du ilẹ̀ náà. Ìpinnu tí wọ́n ṣe níbòmíràn ló yí ayé àwọn baba ńlá wa padà.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìgbìmọ̀ náà kì í yan ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yóò dé bá a. Agbára rẹ̀ wà nínú pé kí ó mọ gbèdéke tó wà nílẹ̀, kí ó sì ti múra kí gbèdéke náà tó pé.

Ohun tí òfin fún ìgbìmọ̀ náà

Abala 62 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló fún ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti yan ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó. Abala yìí kan náà sọ pé ilé kò gbọdọ̀ gbé agbára àtisọ àbá dòfin lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn ni ìgbìmọ̀ ń mú wá. Ilé ló ń pinnu. Abala 88 àti 89 fún un ní agbára ìwádìí: ó lè pe mínísítà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba kí ó wá jẹ́rìí, kí ó sì mú ìwé wá.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wà lára àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Nítorí náà, kò sí bí àwọn aṣòfin 25 tó wà ní Lọ́kọ́ja ṣe lè dá sí i. Ohùn Okun lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ju sẹ́nétọ̀ Ìwọ̀-oòrùn Kogi àti àwọn aṣojú-ṣòfin láti ẹkùn ìdìbò rẹ̀ lọ, pàápàá ti Kabba/Bùnú àti Ìjùmú, àti ti Yàgbà méjèèjì pẹ̀lú Mọ̀pàmúrò. Ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ kókó yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bẹ gómìnà fún ohun tí kò sí lábẹ́ agbára rẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn tún wà tó ń pinnu bí ètò yóò ti rí. Abala 171 ní Ilé Aṣòfin Àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí orúkọ àwọn tí Ààrẹ bá yàn ṣe aṣojú Nàìjíríà ní ilẹ̀ òkèèrè. Abala 12 ní àdéhùn tí ìjọba bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò ní agbára òfin àfi bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ dòfin. Abala 5 ní Ààrẹ kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi láìgba àṣẹ Ilé Aṣòfin Àgbà. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú tí ó sì ti rán wọn lọ, ó ní ọjọ́ 7 láti wá àṣẹ náà, ilé sì ní ọjọ́ 14 láti fèsì.

Bí a ṣe ń to ètò náà

Bí wọ́n bá ti yan ìgbìmọ̀ tán, alága yóò pe ìpàdé àkọ́kọ́. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣe olóṣèlú, ni ó sábà máa ń kọ àbá ètò ọdún sílẹ̀. Wọn yóò wo kàlẹ́ńdà ilé, èyí tí òfin ní kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ ìjókòó 181 lọ́dún, wọn yóò sì pín iṣẹ́ sí i: àbá òfin, ìbẹ̀wò, ìjókòó ìta gbangba, ètò ìṣúná.

Ètò ìṣúná ni ó le jù. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń gbìyànjú kí ètò ìṣúná máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní. Ìdí nìyí tí ìparí ọdún fi máa ń kún fún ìgbẹ́jọ́ àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní ìṣòro tí àwọn yòókù kò ní tó bẹ́ẹ̀. Náírà ni a fi ń ṣírò owó rẹ̀, dọ́là àti owó ilẹ̀ òkèèrè ni ó sì ń ná. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, owó tí ilé aṣòfin ti fọwọ́ sí kò lè san owó ilé àti owó oṣù tí wọ́n rò pé yóò san. Bí ìgbìmọ̀ kò bá fi èyí sínú ètò rẹ̀, iye orí ìwé lásán ni yóò máa jíròrò lé lórí.

Iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà kárí ayé lé ní 100. Ìgbìmọ̀ kò lè dé gbogbo wọn láàrin ọdún 4. Lójú tiwa, ibi tí ọmọ Nàìjíríà ti ń jìyà jù ló yẹ kí ìbẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìlú tí ọjà rẹ̀ dùn ún ná.

Ìgbà tí gbèdéke kọjá

Ọ̀rọ̀ Bakassi ni àpẹẹrẹ tó hàn gedegbe. Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé dájọ́ ní 10 oṣù kẹwàá 2002 pé Kamẹrúùnù ló ni ilẹ̀ náà. Ní 12 oṣù kẹfà 2006, Ààrẹ Olusegun Obasanjo àti Ààrẹ Paul Biya fọwọ́ sí àdéhùn Greentree ní ìpínlẹ̀ New York. Abala 12 wà nínú ìwé òfin lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, oṣù kọkànlá 2007 ni Ilé Aṣòfin Àgbà tó pinnu pé àdéhùn náà kò bófin mu nítorí wọn kò gbé e wá síwájú àwọn. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí kúrò níbẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2006. Ní 14 oṣù kẹjọ 2008, wọ́n fa ilẹ̀ náà lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ pátápátá.

Èyí tó tún dùn wá jù ni pé òfin Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé fàyè ọdún 10 sílẹ̀ fún ẹni tó bá rí ẹ̀rí tuntun. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé oṣù kẹwàá 2012 ni àyè náà yóò dí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló kù kí Ilé Aṣòfin Àgbà tó rọ ìjọba pé kí ó padà sí kóòtù, ìjọba sì ní òun kò ní ẹ̀rí tuntun. A kò sọ pé ẹjọ́ náà ṣeé jàre. Ohun tí a ń sọ ni pé ọdún 10 tó láti wá ẹ̀rí, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò tó.

Ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè Niger gbà dé. Àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀ ní 26 oṣù keje 2023, ECOWAS fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, Ààrẹ Bola Tinubu sì kọ lẹ́tà sí Ilé Aṣòfin Àgbà. Ní 5 oṣù kẹjọ, ilé náà rọ ECOWAS pé kí wọ́n wá ọ̀nà ìjíròrò. Wọn kò fọwọ́ sí ogun. Inú oṣù kẹfà ni ilé aṣòfin tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọn kò sì tíì yan alága àwọn ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó nígbà náà. Gbogbo ilé ló jókòó lé ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ìgbìmọ̀ kan ti yẹ̀ wò dáadáa. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ tí akọ̀wé bá fi pamọ́ láti ọwọ́ ìgbìmọ̀ àtijọ́ ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ.

Ìdúró pẹ̀lú wà. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, Ààrẹ pe àwọn aṣojú Nàìjíríà padà wálé, àfi ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Oṣù kọkànlá 2025 ni orúkọ àwọn tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí dé, ìgbìmọ̀ sì ní láti yẹ ọ̀pọ̀ wọn wò láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Lílò rẹ̀ nínú kíláàsì

Olùkọ́ lè jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tọpa ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo. Ká ní wọ́n tan ọmọbìnrin kan láti Kabba lọ sí ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú ìlérí iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ lè kọ ẹ̀bẹ̀, kí aṣojú-ṣòfin rẹ̀ gbé e ka iwájú ilé, kí ilé sì gbé e fún ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ará ìlú tàbí èyí tó ń rí sí àwọn ọmọ Nàìjíríà lẹ́yìn odi. Ìgbìmọ̀ lè pe àjọ NAPTIP, tí a dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti òwò ẹrú ìgbàlódé, àti àjọ NIDCOM, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2017. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti iye ọjọ́ tí ó lè lò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ìsinmi ọdọọdún ilé aṣòfin, tó máa ń bọ́ sí oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, sí àárín rẹ̀, kí wọ́n sì tún ọjọ́ náà kà.