Òjòlá Aláràbarà: Ohun Tí Àwọ̀ Ejò Fi Pamọ́

Òjòlá kékeré kan wà tí kò ní oró, tí ó ń gbé inú ihò ilẹ̀ ní Gánà, Tógò, orílẹ̀-èdè Benin àti Nàìjíríà. Bí ẹ̀rù bá bà á, a ká ara rẹ̀ jọ rogodo, a sì ki orí bọ àárín. Ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní ball python. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti kó láti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sìn ín nínú ilé bí ẹni ń sin ajá.

Àwọ̀ ni ọjà níbẹ̀. Dúdú tí ó ní àmì àwọ̀ ilẹ̀ ni ti inú igbó. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àyípadà a máa bá jíìnì, ìyẹn ohun tí ó ń gbé àbùdá láti ara òbí dé ara ọmọ, a ó sì rí ejò tí àwọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì. Ní ọdún 1992, Bob Clark, olùsìn ejò ní Amẹ́ríkà, rí àfín òjòlá pa láti inú ẹyin ejò tí ó ń sìn: funfun àti àwọ̀ ìyeyè, ojú pupa.

Ẹni tí ó bá ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó gbéyàwó, tí ó mọ̀ bóyá AA tàbí AS ni òun, ti mọ ìṣirò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ejò kò lè di àfín àfi bí ó bá gba jíìnì náà lọ́dọ̀ baba àti ìyá. Èyí tí ó gba ẹyọ kan kò yàtọ̀ lójú sí èyí tí kò ní rárá. Bí irú méjì bẹ́ẹ̀ bá gun ara wọn, ẹyin kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin láti di àfín. (Ẹ má ṣì wá gbọ́: ìṣirò nìkan ni ó bá ti fòníkú-fọ̀ladìde mu.)

Nítorí náà, ohun tí ojú kò rí ni oníbàárà ń sanwó lé, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó tà á nípa ìran ejò náà sì ni ẹ̀rí. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Eastern Michigan University yẹ awọ tí àwọn ejò bọ́ wò, wọ́n sì rí i pé jíìnì tí a ń pè ní OCA2 ni ó fa irú àfín òjòlá kan. Jíìnì yìí kan náà ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ àfín ènìyàn ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Èyí tí ó mú àríyànjiyàn wá jù ni spider, tí wọ́n kó láti Áfíríkà dé Amẹ́ríkà ní 1999. Ẹyọ jíìnì kan ti tó fún un, ara rẹ̀ a sì dà bí ẹni ta òwú aláǹtakùn sí i. Àmọ́ orí rẹ̀ a máa gbọ̀n, a máa lọ́. Nígbà mìíràn a fò mọ́ ohun jíjẹ, a tàsé. Àwọn kan ní gígun tí ìyá ń gun ọmọ, tí ẹ̀gbọ́n ń gun àbúrò, ni ó bà á jẹ́, nítorí náà wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àjèjì fọ ìran náà. Gbígbọ̀n kò lọ. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Jámánì rí i pé inú etí irú ejò yìí, níbi tí ara ti ń mọ ìdúró àti ìṣubú, kò pé bí ó ti yẹ. Ọmọ tí ó bá gba àwọ̀ náà ni ó ń gba àbùkù náà.

Láti 2018 ni ẹgbẹ́ International Herpetological Society ní Bìrìtìkó ti fòfin de títa spider níbi ìpàtẹ rẹ̀. Níbòmíràn, wọ́n ṣì ń tà á. Bí ẹnì kan nínú yín lókè òkun bá fẹ́ ra òjòlá, kí ó ní kí wọ́n fún un ní oúnjẹ lójú òun, kí ó sì wo orí rẹ̀ dáadáa.