Ẹni Tí Yóò Kọ́ Ìmọ̀ Òwò, Kí Ó Kọ́kọ́ Jókòó Sí Ìsọ̀ Ìyá Rẹ̀

Nígbà tí àwọn ọmọ ń retí èsì ìdánwò WAEC ni ìyá kan tí ń ta obì ní Ṣàgámù wá bá mi nílé. Kò tilẹ̀ tí ì jókòó dáadáa tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ gbà mí o. Ọmọ yín ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ business analyst ní yunifásítì. Ṣé iṣẹ́ gidi ni, àbí iṣẹ́ àwọn ọmọ orí fóònù?"

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́, nítorí owó obì ni ìyá yìí yóò fi rán an lọ, èmi fúnra mi sì ti ṣi ọmọ kan lọ́nà rí. Ìṣirò ń da ọmọ náà láàmú, ó wá bi mí pé ẹ̀kọ́ wo ni òun lè kà kí òun lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ó lọ kọ́ ìmọ̀ òwò! Ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni wọ́n ti dá a padà, nítorí kò ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò. Ọdún méjì ni ó fi ṣòfò.

Mo sọ fún ìyá pé iṣẹ́ gidi ni. Ẹni tí ń ṣe é kì í ṣe akọ̀wé owó, kì í ṣe ọlọ́jà, kì í sì í ṣe ẹni tí ń ṣe ètò inú kọ̀ǹpútà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń gbé. Bí àwọn oníbàárà bá ń pẹ́ jù lórí ìlà ní báńkì kan, òun ni yóò wo bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Yóò bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, yóò bèèrè lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, yóò wá ibi tí ó ti dí, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ kedere kí àwọn tí yóò tún un ṣe má baà ṣìnà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí ó kárí ayé, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà ní 2003. Kí ẹgbẹ́ náà tó fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí àwọn àgbà iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní CBAP, ó ní láti ti fi wákàtí 7,500 ṣe iṣẹ́ náà láàárín ọdún 10.

Ìyá pariwo. "Wákàtí 7,500! Tíṣà, mo ti fi ju bẹ́ẹ̀ lọ ta obì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó là mí lójú. Mo ní kí ọmọ náà ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ó sì jókòó sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó máa kọ ohun tí ó bá rí.

Èmi kò mọ̀ pé ọ̀ràn kan wà nílẹ̀. Ìyá ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé obì òun ń dín, ọwọ́ rẹ̀ sì ti tọ́ka sí ọmọbìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti ránṣẹ́ sí àwọn òbí ọmọ náà pé kí wọ́n wá mú un. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí orúkọ olè ń ṣe fún ọmọbìnrin ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn.

Ọmọ wa ń kọ iye obì gbànja tí ó wà nínú agbọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, iye tí wọ́n ṣà dànù nítorí kòkòrò, àti iye tí ó wọ ọkọ̀ àwọn Hausa tí ń kó o lọ sí òkè ọya. Kò ju kíkà lọ. Nínú agbọ̀n kìíní, obì 41 ni ó bàjẹ́. Nínú èyí tí ó dúró de ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, 112 ni. Nígbà tí ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó bá iye tí ìyá ń wá mu gẹ́ẹ́. Iye ọjọ́ tí wọ́n ra obì ni ìyá ń rántí. Kò sí ẹni tí ń ka èyí tí wọ́n ń dà sí ààtàn.

Ìyá wo ìwé náà títí. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọbìnrin yẹn, ó ní, "Má bínú, ọmọ mi."

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìsọ̀ àti yunifásítì kò bá ara wọn tan, kí ó wo Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí wọ́n ti bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1909. Wesley College ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà, ni ó lọ ní 1927. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ra kòkó, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò. Òwò náà dẹnu kọlẹ̀ títí ó fi wọ gbèsè. Síbẹ̀ ó dá kàwé nínú ilé láìwọ ọgbà yunifásítì, ó sì gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 35. Èmi gbà pé gbèsè yẹn kọ́ ọ ní ohun tí ìwé nìkan kò lè kọ́ ọ. (Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti ẹnu tíṣà jáde!)

Ní ti ẹnu ọ̀nà yunifásítì, ọmọ lè gba ìmọ̀ ìṣirò owó, ètò ọrọ̀ ajé tàbí àbójútó iṣẹ́ òwò wọ inú iṣẹ́ yìí. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni kí ó ní, kí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ní JAMB, kí ó mú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ètò ọrọ̀ ajé àti ẹ̀kọ́ kan sí i, kí ó sì wo ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB kí ó tó yàn án. Babcock tí ó wà ní Ìlíṣàn sún mọ́ wa, ti aládàáni ni. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni èyí tí ó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láìgba èlé láti 2024, ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni.

Èsì WAEC ti jáde. D7 ni ọmọ wa gbà nínú ìṣirò. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba èsì ìjókòó méjì, ó sì ti forúkọ sílẹ̀ láti tún un ṣe. Alaalẹ́ ni ó ń wá sí ọ̀dọ̀ mi báyìí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo yà sí ìsọ̀ wọn. Ọmọbìnrin yẹn ni mo bá lórí àpótí, ìwé àkọsílẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń ka obì tí kòkòrò jẹ. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀, kí n má baà ṣì í kà."